Thing (þing)

Ọ̀rọ̀ àtijọ́ nínú àwọn èdè Jámáníìkì. Ìpàdé ìlú ló túmọ̀ sí níṣàájú, níbi tí àwọn ọkùnrin tí kì í ṣe ẹrú ti ń dá ẹjọ́, tí wọ́n sì ń ṣòfin. Láti orí ìpàdé, ìtumọ̀ rẹ̀ yẹ̀ sórí ẹjọ́ tí wọ́n gbé wá síbẹ̀. Ẹjọ́ di ọ̀ràn èyíkéyìí, ọ̀ràn wá di nǹkan lásán, bí Gẹ̀ẹ́sì ti ń lò ó lónìí. Ding ni ti àwọn ará Jámánì. Ọ̀nà kan náà ni causa, ẹjọ́ lédè Látìn, tọ̀ kó tó di chose lẹ́nu àwọn Faransé.

Ìtumọ̀ ìṣáájú kò kú ní àríwá Yúróòpù. Storting ni ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Nọ́wè, Folketing ni ti Dẹ́nmáàkì. Ti Áíslàǹdì, Alþingi, ló lókìkí jù: nǹkan bí ọdún 930 ni wọ́n dá a sílẹ̀ ní pápá Þingvellir. Kí wọ́n tó kọ òfin sílẹ̀, ẹnì kan ló ń kà á sókè láti orí fún àwùjọ, ìdá kan nínú mẹ́ta lọ́dọọdún. Iṣẹ́ ọpọlọ tí kò kéré.