Àmì Jíìnì àti Ìgbógunti Àrùn RYMV Lára Ìrẹsì Ilẹ̀ Áfíríkà

Ìfáárà
Kò sí oògùn tí àgbẹ̀ lè fọ́n sóko tí yóò wo ìrẹsì tí àrùn RYMV (Rice yellow mottle virus) ti mú sàn. Fáírọ́ọ̀sì ló ń fà á. Kẹ́ńyà ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i lọ́dún 1966, ilẹ̀ Áfíríkà nìkan ló sì ti ń jà. Ewé á pọ́n rúsúrúsú, ìrẹsì kò ní ga, ọ̀pọ̀ ṣírí rẹ̀ á sì ṣófo. Àwọn kòkòrò tó ń jẹ ewé ló ń gbé e kiri; ọwọ́ àti irinṣẹ́ àgbẹ̀ náà ń tàn án kálẹ̀. Irúgbìn tí àrùn náà kò lè borí ni ààbò tó dájú jù. Àpilẹ̀kọ yìí ṣàgbéyẹ̀wò bí àmì jíìnì, ìyẹn àmì inú DNA tó ń fi hàn bóyá jíìnì kan wà lára ohun ọ̀gbìn, ṣe ń ran iṣẹ́ wíwá irú irúgbìn bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́.

Orísun Ààbò Náà
Irú ìrẹsì méjì là ń gbìn: Oryza sativa tó ti Éṣíà wá, àti Oryza glaberrima tí àwọn àgbẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ayé àtijọ́ sọ di ohun ọ̀gbìn. Lọ́dún 1999, Ndjiondjop àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé jíìnì kan ṣoṣo ló gbé agbára Gigante, sativa láti Mòsáńbíìkì, àti Tog5681, tí í ṣe glaberrima, ró. Lọ́dún 2006, Albar àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá jíìnì náà mọ̀: RYMV1. Òun ló ń darí ṣíṣe purotéènì kan tí fáírọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ so mọ́ kó tó lè pọ̀ sí i. Lára Gigante, ẹyọ èròjà kan péré ló yàtọ̀ nínú purotéènì náà. Ìyẹn sì tó láti má ṣe jẹ́ kí fáírọ́ọ̀sì rí i dì mú.

Iṣẹ́ Àmì Jíìnì
Ìrẹsì ń gba ẹ̀dà jíìnì kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ akọ àti abo. Àfi kí ẹ̀dà RYMV1 méjèèjì jẹ́ irú tó ń dènà àrùn kí ìrẹsì tó bọ́. Nítorí náà, bí a bá da Gigante pọ̀ mọ́ ìrẹsì tí àwọn àgbẹ̀ fẹ́ràn, àrùn á mú ọmọ wọn bí ẹni pé kò jogún nǹkan kan. Tẹ́lẹ̀, ó di kí wọ́n gbin ọmọ-ọmọ, kí wọ́n kó àrùn ràn wọ́n, kí wọ́n tó mọ èyí tó jogún ààbò náà. Lónìí, wọn á já ewé díẹ̀ lára èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù, wọn á yẹ DNA rẹ̀ wò, àmì á sì fi ẹ̀dà tó ń dènà àrùn hàn, bó tilẹ̀ jẹ́ kan ṣoṣo. Wọn á wá dà á pọ̀ padà mọ́ ìrẹsì àgbẹ̀. Ìpín Gigante nínú ọmọ àkọ́kọ́ jẹ́ 50%. Lẹ́yìn ìdàpọ̀padà mẹ́ta, á ṣẹ́ ku bí 6.25%. Bẹ́ẹ̀ ni adùn àti ìkórè tí àgbẹ̀ mọ̀ kò ṣe ní sọnù. Ọ̀nà yìí ni àwọn onímọ̀ AfricaRice, ilé ìwádìí ìrẹsì ilẹ̀ Áfíríkà, ti ń tọ̀.

Àgbálọgbábọ̀
Jíìnì kan kò tó. Àwọn olùwádìí ti rí irú fáírọ́ọ̀sì tó borí ààbò Gigante. Ohun tó kù ni kí a kó jíìnì púpọ̀ jọ sínú ìrẹsì kan, kí a fi RYMV2 àti RYMV3, àwọn jíìnì mìíràn tó ń dènà àrùn náà, kún un. Bí jíìnì méjì bá jọ ń ṣiṣẹ́, ojú lásán kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Àmì nìkan ló lè ṣe é. Inú glaberrima, irúgbìn tí ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ti ń pa tì, ni wọ́n ti rí RYMV2 àti RYMV3. Àmì kò lè wá ohun tí kò sí mọ́. Kí ìjọba, ilé ìwádìí àti àgbẹ̀ fọwọ́ sowọ́ pọ̀ láti tọ́jú ìrẹsì àbáláyé kó tó run.