Ilẹ̀ Àpápá Tí Ó Di Ẹ̀rí fún Ará Òkèèrè

Lọ́dún 1913, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba ilẹ̀ kan ní Àpápá, ní Èkó, fún iṣẹ́ ìlú. Amodu Tijani, Olóyè Olúwa, ọ̀kan nínú àwọn ìdẹ́jọ onífìlà funfun, béèrè owó ilẹ̀ náà ní orúkọ ìdílé rẹ̀. Ilé ẹjọ́ Èkó fèsì pé ẹ̀tọ́ ìṣákọ́lẹ̀ àti ti àbójútó nìkan ni ó ní, pé kì í ṣe onílẹ̀. Ìdájọ́ yìí bí àwọn ìdẹ́jọ nínú, nítorí ìtàn Èkó sọ pé ọwọ́ Olófin ni baba ńlá wọn ti gba ilẹ̀.

Ní 1920, Olúwa wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Herbert Macaulay bá a lọ, ó sì mú ọ̀pá àṣẹ Ọba Èṣùgbàyí Ẹlẹ́kọ dání. Ìjọba ní kí Ẹlẹ́kọ sẹ́ Macaulay níwájú gbogbo ìlú. Ẹlẹ́kọ kọ̀, wọ́n sì dá owó rẹ̀ dúró, wọ́n ní àwọn kò mọ̀ ọ́n ní ọba mọ́. Èyí kò yẹ kí a gbàgbé nígbà tí a bá ń sọ ìtàn ẹjọ́ náà.

Ní oṣù Keje 1921, Ìgbìmọ̀ Onídàájọ́ Ọba Gẹ̀ẹ́sì dá Olúwa láre. Haldane, tí ó ka ìdájọ́ náà, kìlọ̀ pé kí a má fi òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe òṣùwọ̀n fún ilẹ̀ àwọn ẹlòmíràn. Ó ní ìlú, abúlé tàbí ìdílé ni ó ni ilẹ̀. Alágbàtọ́ ni olóyè jẹ́. Àmọ́ owó nìkan ni Olúwa gbà. Ilẹ̀ náà kò padà sọ́wọ́ ìdílé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà dé lẹ́yìn náà ni ó yà mí lẹ́nu. Ní 1973, nígbà tí àwọn Nisga'a ní Kánádà pe ìjọba lẹ́jọ́ lórí ilẹ̀ baba wọn, Adájọ́ Hall fi ẹjọ́ Olúwa ṣe ẹ̀rí. Wọn kò jàre lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ẹjọ́ yẹn ni ó ṣí ọ̀nà sí àdéhùn tí ó fìdí múlẹ̀ ní 2000, nípa èyí tí wọ́n ń ṣàkóso ilẹ̀ wọn fúnra wọn. Ní 1992, ilé ẹjọ́ gíga Ọsirélíà tún tọ́ka sí i nígbà tí ó dá àwọn ará erékùṣù Mer láre. Eddie Mabo, tí ó pe ẹjọ́ náà, ti kú ní oṣù díẹ̀ ṣáájú.

Àwa tí a wà ní Kútọnu kò sí lábẹ́ ìdájọ́ yẹn. Òfin Faransé ti 1904 ni ó bá àwọn baba wa ní Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́, ó sì sọ pé ìjọba ni ó ni ilẹ̀ tí kò ní olówó. Báwo ni àlejò yóò ṣe mọ oko tí ó wà ní ìsinmi yàtọ̀ sí ilẹ̀ tí kò ní olówó? Òfin 2013-01, tí a tún ṣe ní 2017, ti yí ọ̀ràn náà padà. Ó fàyè gba ìgbìmọ̀ ilẹ̀ ní abúlé, kí àwọn ará ibẹ̀ lè jẹ́rìí sí ẹni tí ó ń lo ilẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àṣà. Àjọ tí ń bójútó ilẹ̀, tí olú rẹ̀ wà ní Kútọnu níbí, a sì máa tọ́jú àkọsílẹ̀.

Ìwé ẹ̀rí náà lè jẹ́ ti ẹnì kan, ó sì lè jẹ́ ti ẹbí lápapọ̀. Ibẹ̀ ni kí àwọn àgbà Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ ti ronú dáadáa kí wọ́n tó tọwọ́ bọ̀wé, nítorí bí ó bá jẹ́ orúkọ olórí ẹbí nìkan ni a kọ síbẹ̀, alágbàtọ́ ti di onílẹ̀ nìyẹn, àwọn ọmọ rẹ̀ nìkan ni wọn yóò sì jogún ohun tí ó jẹ́ ti gbogbo ilé.