Alùpùpù Asáré-Kafé: Ìtàn Bí Wọ́n Ṣe Ń Tún Alùpùpù Àtijọ́ Dá ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Òwe yìí ni mo fẹ́ kí a fi sọ́kàn bí a ti ń bá àpilẹ̀kọ yìí lọ, nítorí ọ̀rọ̀ alùpùpù àtijọ́ ni a fẹ́ sọ, pàápàá irú èyí tí àwọn Òyìnbó ń pè ní café racer.

Láyé òde òní, ọ̀pọ̀ ènìyàn káàkiri àgbáyé ni ó ń ra alùpùpù tí ó ti gbó, tí wọ́n ń tú u palẹ̀ pátápátá, tí wọ́n sì ń tò ó padà ní àwòrán café racer. Inú àwọn kan ń dùn sí iṣẹ́ yìí. Àwọn mìíràn ń fajú ro, wọ́n ní ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ni wọ́n ń gé wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Ta ni ó jàre? Ṣé ẹni tí ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ ń ba ìtàn jẹ́ ni, àbí ó ń tẹ̀ lé ìtàn? A kò lè dá ẹjọ́ náà bí a kò bá mọ orísun rẹ̀.

Ọ̀RỌ̀ LÓRÍ ORÚKỌ

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ èdè. Ìró ẹ̀rọ náà ni Yorùbá gbọ́ tí wọ́n fi pè é ní alùpùpù: ohun tí ó ń lù "pù-pù-pù" bí ó ti ń lọ. Ọ̀kadà ní tirẹ̀ dé lẹ́yìn. Lára orúkọ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú Okada Air, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1983, ni àwọn ènìyàn ti mú un láti fi ṣe àwàdà sí alùpùpù tí ń gbé èrò. Ilé-iṣẹ́ náà ti kógbá sílé, ṣùgbọ́n orúkọ náà kò kú.

Café ni ilé oúnjẹ kékeré tí a ti ń mu tíì tàbí kọfí. Racer sì ni ohun tí a fi ń sáré ìje. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, n ó máa pè é ní asáré-kafé, nítorí pé láti kafé kan sí òmíràn ni àwọn tí ó ni ín ń fi í sáré.

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta mìíràn tún ṣe pàtàkì. Àtúnṣe ni kí ohun tí ó bàjẹ́ padà máa ṣiṣẹ́. Ìdápadà-sípò ni kí ó rí gẹ́gẹ́ bí ó ti rí lọ́jọ́ tí ó jáde nílé-iṣẹ́. Àtúndá ni kí a fi ohun àtijọ́ dá ohun tí kò sí tẹ́lẹ̀. Asáré-kafé kì í ṣe àtúnṣe lásán, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ìdápadà-sípò. Àtúndá gan-an ni.

LẸ́YÌN OGUN

Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì parí ní 1945, ìyà ṣì ń jẹ ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìwọ̀n ni ìjọba fi ń pín epo bẹntiróòlù títí di oṣù karùn-ún ọdún 1950. Lẹ́yìn náà ni nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ ríṣẹ́, owó sì wọ ọwọ́ wọn. Ní 1958, ìjọba tú okùn tí ó fi de ọjà àwìn tí a ń san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ọmọ iṣẹ́ ọwọ́ náà wá lè gbé alùpùpù tuntun relé kí ó tó san owó rẹ̀ tán.

Ibo ni kí wọ́n ti máa pàdé? Ní àríwá ìwọ̀-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, lẹ́bàá títì North Circular, ni Ace Café wà. Wọ́n ṣí i ní 1938 fún àwọn awakọ̀ akẹ́rù. Bọ́ǹbù bà á jẹ́ ní 1940. Wọ́n sì tún un kọ́ ní 1949. Bí ó ṣe ń ṣí tọ̀sán-tòru ni àwọn ọlọ́kọ̀ alùpùpù sọ ọ́ di ojúbọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni Busy Bee lẹ́bàá Watford àti Johnson's ní ojú ọ̀nà A20 ní Kent.

Àfojúsùn àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí kò ju ọ̀kan lọ: kí ènìyàn sá 100 máìlì ní wákàtí kan, ìyẹn nǹkan bí 161 kìlómítà. "The ton" ni wọ́n ń pe eré yìí. A máa ń gbọ́ pé ẹnì kan yóò sọ owó sínú ẹ̀rọ olórin tí ó wà nínú kafé, yóò gun alùpùpù rẹ̀ lọ dé oríta kan, yóò sì padà kí orin náà tó tán. Bóyá àsọdùn wà nínú ìtàn náà, ṣùgbọ́n ìṣirò rẹ̀ yé ni. Bí orin bá gba ìṣẹ́jú 3, ẹni tí ó ń sá 60 máìlì ní wákàtí kan yóò rin máìlì 3 péré. Ẹni tí ó bá sá 100 yóò rin 5. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1959, wọ́n ṣí apá kìíní títì ńlá M1, títì náà kò sì ní òdiwọ̀n eré rárá nígbà náà.

ÌDÍ TÍ ALÙPÙPÙ WỌN FI RÍ BẸ́Ẹ̀

Ẹ má ṣe rò pé ẹwà ni wọ́n kọ́kọ́ ń wá. Afẹ́fẹ́ ni ọ̀tá wọn. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, agbára tí afẹ́fẹ́ fi ń ti ni sẹ́yìn yóò di ìlọ́po mẹ́rin. Nítorí náà, wọ́n yọ hándù gíga kúrò, wọ́n sì de ọwọ́ kúkúrú méjì mọ́ ara fọ́ọ̀kì nísàlẹ̀, kí agùnlùpùpù lè dojú bolẹ̀ bí ẹkùn tí ó fẹ́ fò. Bí ara bá tẹ̀ síwájú, ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ lọ sẹ́yìn. Ìdí nìyí tí wọ́n fi sún ibi ìgbẹ́sẹ̀lé sẹ́yìn. Wọ́n fi ìjókòó ẹnì kan ṣoṣo tí ìdí rẹ̀ yọ iké díẹ̀ rọ́pò ìjókòó gígùn, kí ènìyàn má baà yọ̀ sẹ́yìn. Ohunkóhun tí kò bá ran eré lọ́wọ́, wọ́n yọ ọ́ dànù. Bí a bá fi èyí wé ọ̀kadà tiwa, a ó rí ìyàtọ̀: ẹni tí ń fi alùpùpù jẹun a máa fi irin ìdáàbòbò àti ibi ìgbẹ́rù kún un, asáré-kafé ń dín in kù ni.

Olórí iṣẹ́ àtúndá náà ni èyí tí a ń pè ní Triton. Ilé-iṣẹ́ Triumph ní ẹ́ńjìnnì tí ó dára púpọ̀. Edward Turner ni ó ya àwòrán ẹ́ńjìnnì onísílíńdà méjì tí ó jáde nínú Speed Twin ní 1937. Láti ara rẹ̀ ni Bonneville oní 650cc ti wá ní 1959. Ṣùgbọ́n férémù Triumph kò lágbára tó ẹ́ńjìnnì rẹ̀: bí eré bá pọ̀ nínú kọ́nà, alùpùpù a máa mì lẹ̀gẹ̀lẹ̀gẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Norton ní tirẹ̀ ní férémù tí kò lẹ́gbẹ́. Rex McCandless, ọmọ Àríwá Ireland, ni ó ṣe é. Geoff Duke fi í gba ipò kìíní nínú ìdíje Senior TT ní Isle of Man ní 1950. Harold Daniell, tí òun náà ń sáré fún Norton, sọ pé bí ẹni tó wà lórí ibùsùn oníyẹ̀ẹ́ ni òun ṣe rí lórí rẹ̀, orúkọ náà, Featherbed, sì mọ́ férémù lára.

Kí ni àwọn ọ̀dọ́ ṣe? Wọ́n gbé ẹ́ńjìnnì Triumph sínú férémù Norton. Àwọn kan rí férémù náà lára alùpùpù tí ó ti ní ìjàm̀bá. Òmíràn ti ọ̀dọ̀ àwọn tí ń kọ́ ọkọ̀ ìje kékeré oní 500cc wá. Ẹ́ńjìnnì Norton Manx ni àwọn yẹn ń wá, ṣùgbọ́n odindi alùpùpù ni Norton ń tà. Bí wọ́n bá ti yọ ẹ́ńjìnnì, férémù di ohun tí kò lólówó. Ohun tí ẹnì kan kọ̀ sílẹ̀ ni ẹlòmíràn fi di ọba ojú títì. Iṣẹ́ náà kò sì jẹ́ iṣẹ́ ẹ̀yìnkùlé nìkan: ní 1965, Dave Degens àti Rex Butcher fi Triton gba ìdíje wákàtí 24 ní Barcelona.

ÌRỌ̀LẸ̀ ÀTI ÀJÍǸDE

Eré náà ní ẹ̀jẹ̀ nínú. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ni títì pa, àkokò náà sì nìyẹn tí òfin kò tíì sọ akoto di dandan. 1973 ni òfin náà dé. Ní 1961, ìjọba pàṣẹ pé ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ gun ju 250cc lọ. Ní 1964, ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní Clacton àti Brighton láàárín àwọn ọlọ́kọ̀ alùpùpù aláwọ, tí wọ́n ń pè ní Rockers, àti àwọn Mods tí ń gun skútà, àwọn ìwé ìròyìn sì pariwo wọn bí ẹni pé ogun dé. Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo àgbà ni ó lé wọn. Àlùfáà Bill Shergold pè wọ́n wá sí ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ní Hackney Wick, ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, ní 1962, ẹgbẹ́ 59 Club sì di ilé fún wọn.

Ní oṣù kejìlá ọdún 1965, òdiwọ̀n eré 70 máìlì dé sórí àwọn títì ńlá. Ọkọ̀ kékeré bíi Mini ti ń fa ojú àwọn ọ̀dọ́. Ní 1969, Ace Café ti ilẹ̀kùn. Ọdún yẹn kan náà ni Honda gbé CB750 jáde, ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́rin tí kò jo epo sílẹ̀, tí bọ́tìnnì ni a fi ń tan án. Ilé-iṣẹ́ Triumph tí ó wà ní Meriden wó ní 1983. Àmọ́ iná kò kú tán nínú eérú. Ace Café tún ṣí padà ní 2001, Triumph tuntun ti Hinckley gbé Thruxton jáde ní 2004, Royal Enfield sì jí orúkọ Continental GT, tí ó ti lò ní 1965, dìde ní 2013.

BÍ A BÁ FẸ́ ṢE É LÓNÌÍ

Ẹ jẹ́ kí a padà sórí ẹjọ́ wa. Ìtàn yìí fi hàn pé àwọn ọmọ kafé kò ba ohun ìṣẹ̀ǹbáyé jẹ́. Alùpùpù ojoojúmọ́, àjókù àti àlòkù ni wọ́n lò, ó sì pọ̀ ní ìgboro nígbà náà. Lónìí, ohun tí ó wọ́pọ̀ ti di ọ̀wọ́n. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ tẹ̀ lé wọn ní tòótọ́ kò gbọdọ̀ wo ohun tí ọwọ́ wọn ṣe nìkan. Kí ó wo irú ohun tí wọ́n mú lọ sábẹ́ ayùn.

Ìgbésẹ̀ kìíní ni kí a ka alùpùpù náà bí ẹni ń ka ìwé. Nọ́ńbà kan wà lára férémù, òmíràn sì wà lára ẹ́ńjìnnì. Bí Triumph ayé ìgbà náà bá ṣì wà bí wọ́n ti tò ó nílé-iṣẹ́, nọ́ńbà méjèèjì yóò bára mu. Bí irú èyí bá pé pérépéré, ẹ dá a padà sípò rẹ̀, ẹ má gé e. Ṣùgbọ́n bí férémù bá jẹ́ ọmọ òrukàn, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti sọnù tipẹ́, òun gan-an ni ó yẹ fún àtúndá. Kí ẹni náà sì béèrè ohun tí òfin ìforúkọsílẹ̀ ọkọ̀ wí nílùú rẹ̀ kí ó tó fọwọ́ kan irin.

Lẹ́yìn èyí, ẹ ya fọ́tò gbogbo ibi kí ẹ tó tú bóòtù kan. Bíréèkì, táyà àti ṣọ́ọ̀kì ni kí owó kọ́kọ́ lọ sí, kì í ṣe ẹ́ńjìnnì. Ohun tí kò lè dúró kò yẹ kí ó sáré. Bí ẹ bá de ọwọ́ kúkúrú mọ́ fọ́ọ̀kì, ẹ yí i dé òpin lọ́tùn-ún àti lósì, kí ẹ rí i pé kò ní tẹ ìka yín mọ́ táńkì. Nínú ẹ́ńjìnnì Triumph àtijọ́, ihò kan wà nínú kiránkì tí ìdọ̀tí epo ń kó sí. Bí a kò bá fọ̀ ọ́, epo kò ní dé ibi tí ó yẹ, gbogbo iṣẹ́ yóò sì já sófo. Nídìí iná, ẹ rántí pé lára ọ̀pọ̀ alùpùpù Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, orí pósítíìfù bátìrì ni wọ́n so mọ́ férémù. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ to gbogbo rẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan kí ẹ tó kùn ún lọ́dà, nítorí ẹni tí ó kun ọ̀dà tán kí ó tó rántí ihò tí ó yẹ kí ó lu yóò kùn ún lẹ́ẹ̀mejì.

Ohun kan ṣì kù: gbogbo ohun tí ẹ bá yọ, ẹ tọ́jú rẹ̀. Ẹ lo bóòtù níbi tí ẹ̀yin ìbá ti lo ayùn, kí ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn lè dá alùpùpù náà padà bí ó bá wù ú. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ilé-iṣẹ́ lè ṣe aṣọ tuntun fún asáré-kafé lọ́dọọdún, kí ó dán bí dígí. Àkísà ọgọ́ta ọdún nìkan ni kò lè rán. Èyí ni mo fi rò pé ẹjọ́ náà kò le: ẹni tí ó fún férémù aláìníẹ́ńjìnnì ní ẹ̀mí tuntun ń tẹ̀ lé ìtàn, ẹni tí ó gé odindi alùpùpù tí ó pé nítorí àṣà ìgbàlódé ń ya àkísà àgbà dànù.