Ẹrù tí a tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì sọnù lọ́nà: ta ni yóò forí fá a?

Ọjà títà lórí íntánẹ́ẹ̀tì kì í ṣe iṣẹ́ àwọn ará Èkó nìkan mọ́. Ní Ẹdúnàbọ̀n, ìlú tó wà lójú ọ̀nà Ìbàdàn sí Ilé-Ifẹ̀, ní ìjọba ìbílẹ̀ Àríwá Ifẹ̀, ẹni tó bá ní fóònù lọ́wọ́ lè ya àwòrán aṣọ, bàtà, ọṣẹ dúdú tàbí ìkòkò amọ̀ tí wọ́n mọ ní Ìpetumodù tó múlé tì í, kí ó gbé e sórí Facebook tàbí WhatsApp, kí ẹni tó wà ní Kánò sì san owó rẹ̀ sí báńkì kí ilẹ̀ tó ṣú. Títà kò le. Ìgbà tí ẹrù bá kúrò lọ́wọ́ ẹni tó tà á, tí kò sì dé ọwọ́ ẹni tó rà á, ni ìjà máa ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó rajà yóò ní owó òun ni òun ń béèrè. Ẹni tó tajà yóò ní òun ti fi ẹrù ránṣẹ́. Awakọ̀ yóò ní òun ti fi lé ẹnì kan lọ́wọ́ ní gáréèjì. Ẹni mẹ́ta, ọ̀rọ̀ mẹ́ta, ẹrù kò sì sí.

Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ọlọ́jà ń gbà fi ẹrù ránṣẹ́ ni èyí tí gbogbo ènìyàn ń pè ní wébíìlì. Ọlọ́jà yóò di ẹrù sínú páálí tàbí àpò, yóò kọ orúkọ àti nọ́ńbà fóònù ẹni tó rà á sí i lára, yóò gbé e lọ sí gáréèjì, yóò san owó fún awakọ̀, yóò sì fi nọ́ńbà awakọ̀ náà ránṣẹ́ sí oníbàárà rẹ̀ pé kí ó lọ dúró dè é. Kí fóònù alágbèéká tó gbilẹ̀ lẹ́yìn ọdún 2001 ni àwọn òbí ti ń fi gàrí àti èlùbọ́ ránṣẹ́ sí ọmọ wọn nílé ẹ̀kọ́ báyìí. Ṣùgbọ́n nígbà náà, ìyá mọ awakọ̀, awakọ̀ mọ ilé ìyá, ọmọ tó ń retí gàrí kò sì san kọ́bọ̀ lé e lórí. Bí ó bá sọnù, ìbànújẹ́ ni, kì í ṣe ẹjọ́. Ní ti ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹni tó tà á àti ẹni tó rà á kò rí ara wọn rí, owó sì ti wọlé kí ẹrù tó gbéra.

Ìbéèrè tó máa ń kọ́kọ́ jẹ yọ nínú irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ ni pé ọwọ́ ta ni ẹrù wà nígbà tó sọnù. Òfin tó dá lórí títa ọjà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti ọdún 1893, ni ó wọ ilẹ̀ Nàìjíríà; ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ìgbà náà sì ní tirẹ̀ tó tẹ̀ lé e nínú ìwé òfin ọdún 1959. Ohun tí òfin náà wí lè ya oníbàárà lẹ́nu: bí àdéhùn bá jẹ́ pé kí ọlọ́jà fi ẹrù ránṣẹ́, fífi ẹrù lé agbẹ́rù lọ́wọ́ dà bí ìgbà tí a fi lé ẹni tó rà á lọ́wọ́, àfi bí wọ́n bá jọ sọ ohun mìíràn. Ọlọ́jà tó bá gbọ́ apá yìí a máa dúró síbẹ̀, a ní òun ti bọ́. Kò tíì bọ́. Òfin kan náà sọ lẹ́yìn èyí pé ọlọ́jà gbọ́dọ̀ bá agbẹ́rù ṣe àdéhùn tó bójú mu, ní wíwo irú ẹrù tó jẹ́. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀ tí ẹrù sì sọnù, ẹni tó rà á lè kọ̀ láti gbà pé ẹrù ti tẹ òun lọ́wọ́, ó sì lè ní kí ọlọ́jà forí fá a. Fífi fóònù tí owó rẹ̀ tó ₦100,000 lé awakọ̀ tí a kò mọ orúkọ rẹ̀ lọ́wọ́, láìgba ìwé kankan, ṣòro láti pè ní àdéhùn tó bójú mu.

Èyí ni ìdí tí ẹ̀rí fi ṣe pàtàkì ju àríyànjiyàn lọ. Kí ọlọ́jà tó gbowó ni ó yẹ kí ó ti kọ ọ́ ránṣẹ́ sí oníbàárà rẹ̀ ibi tí ẹrù yóò gbà lọ, iye owó ọkọ̀, àti ẹni tí àdánù yóò kàn bí ẹrù bá sọnù lọ́nà. Kí oníbàárà náà sì dáhùn pé òun gbà. Ní gáréèjì, àwòrán ẹrù tí a ti dì, nọ́ńbà ara ọkọ̀, orúkọ awakọ̀ àti wákàtí tó gbéra tó fún ìwé ẹ̀rí. Bí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ bá ń já rìsíìtì, kí a gbà á, kí a sì ka ẹ̀yìn rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń tẹ iye tí wọn yóò san sí bí ẹrù bá sọnù, iye náà kì í sì í pọ̀. Ẹni tó bá kọ “aṣọ” sára páálí tó gbé ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà nítorí owó ọkọ̀ ti ba ẹjọ́ ara rẹ̀ jẹ́ kí ó tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹrù tó gba ilé ìfìwéránṣẹ́ kọjá rọrùn láti tọ ipasẹ̀ rẹ̀. Nọ́ńbà tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ẹrù tó ń lọ láti orílẹ̀-èdè kan sí èkejì máa ń ní àmì mẹ́tàlá: lẹ́tà méjì, nọ́ńbà mẹ́sàn-án, àti lẹ́tà méjì tó ń tọ́ka sí orílẹ̀-èdè tó ti gbéra, NG fún Nàìjíríà, GB fún Gẹ̀ẹ́sì. R ló máa ń ṣáájú ti lẹ́tà tí a fi orúkọ sílẹ̀, E sì ni ti ẹrù tí wọ́n ń sáré gbé. Àjọ ìfìwéránṣẹ́ àgbáyé, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1874, fi oṣù mẹ́fà sílẹ̀ fún ìwádìí lórí ẹrù, bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ kejì tí a fi ránṣẹ́. Ti àwọn tó ń sáré gbé kúrú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ ọlọ́jà ló ń fi àkókò náà ṣòfò sórí bíbínú sí ara wọn.

Ní ọjọ́ tí oníbàárà bá pè pé òun kò rí ẹrù, kí ọlọ́jà má ṣe bú u, kí ó má sì ṣe dí nọ́ńbà rẹ̀. Awakọ̀ ni kí ó kọ́kọ́ pè, lẹ́yìn náà gáréèjì tí ọkọ̀ ti gbéra àti èyí tó já ẹrù sí. Ẹrù mìíràn kò sọnù rárá; wọ́n já a sílẹ̀ ní gáréèjì kejì ni, tàbí kí ẹlòmíràn tó ń jẹ́ orúkọ kan náà gbé e. Àwọn oníbàárà kan sì wà tó jẹ́ pé ẹrù ti dé ọwọ́ wọn tí wọ́n ní kò dé. Irú ẹ̀tàn báyìí ni kò jẹ́ kí ó bójú mu pé kí ọlọ́jà dá owó padà ní ọjọ́ kìíní láìṣe ìwádìí, bó ti wù kí wọ́n pariwo tó. Láti ìdí àìfọkàntán ara ẹni yìí náà ni sísan owó nígbà tí ẹrù bá délé fi gbilẹ̀, nígbà tí Jumia àti Konga bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní ọdún 2012.

Àwọn òṣómàáló ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n ń ta aṣọ àwìn láyé àtijọ́ mọ ilé oníbàárà wọn. Wọ́n lè lọ lóṣòó síbẹ̀ títí owó yóò fi jáde. Ẹni tó sanwó láti Kánò kò ní ẹnu ọ̀nà tí yóò lóṣòó sí ní Ẹdúnàbọ̀n, òun ló fi ń halẹ̀ mọ́ ọlọ́jà pé ọlọ́pàá ni yóò gbé e. Òfin ọlọ́pàá ti ọdún 2020 kò fàyè gba kí wọ́n mú ènìyàn kìkì nítorí pé àdéhùn yẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ọlọ́jà kò ní ẹrù kankan láti ìbẹ̀rẹ̀, jìbìtì nìyẹn, iṣẹ́ ọlọ́pàá sì ni.

Bí ọ̀rọ̀ kò bá yanjú láàárín wọn, àjọ tó ń dáàbò bo oníbàárà, FCCPC, tó dìde lábẹ́ òfin ọdún 2018, ń gba ẹ̀sùn. Ilé iṣẹ́ agbẹ́rù tó gba ìwé àṣẹ ní tirẹ̀ ní ẹ̀ka NIPOST tó ń ṣàkóso irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ tí a lè fi í sùn fún. Awakọ̀ gáréèjì kò ní irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀, àfi alága gáréèjì rẹ̀. Ó ku kọ́ọ̀tù. Ní Èkó, kọ́ọ̀tù fún àwọn gbèsè kéékèèké ti wà láti ọdún 2018, fún owó tí kò kọjá ₦5,000,000. Ọ̀rọ̀ orí WhatsApp àti àwòrán ojú fóònù kò jẹ́ òfo níwájú adájọ́, nítorí òfin ẹ̀rí ti ọdún 2011 gba ohun tó ti inú ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà jáde, bí ìwé tó ń jẹ́rìí sí ẹ̀rọ náà bá tẹ̀ lé e.

Ọmọ Yorùbá tó ń tajà ní Lọ́ńdọ́nù kò gbọdọ̀ gbé òye tilé lọ síbẹ̀. Òfin yàtọ̀ lọ́hùn-ún fún ẹni tó fi òwò ṣe iṣẹ́: títí ẹrù yóò fi tẹ oníbàárà lọ́wọ́, ọrùn ọlọ́jà ni àdánù wà, àfi bí ó bá jẹ́ pé oníbàárà fúnra rẹ̀ ló yan agbẹ́rù tí ọlọ́jà kò dárúkọ fún un. Ọlọ́jà ni yóò dá owó padà, òun náà ni yóò sì máa bá agbẹ́rù fà á.