Ìwé Tó Ń Padà Bọ̀: Ìtàn Bí Wọ́n Ṣe Ń Múra Olùkọ́ Orí Íntánẹ́ẹ̀tì Sílẹ̀

Lọ́dún 1840, nígbà tí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé sítáǹbù pẹ́nì kan jáde, Isaac Pitman tó ń gbé ní ìlú Bath rí nǹkan tí yóò fi í ṣe. Ìkọ̀wé kíákíá tí òun fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀ ló ń kọ́ni. Ó ń fi ẹ̀kọ́ ránṣẹ́ sáwọn akẹ́kọ̀ọ́ nínú lẹ́tà. Àwọn náà á fi ìlànà rẹ̀ da ẹsẹ Bíbélì kọ, wọ́n á fi ránṣẹ́ padà, òun á sì fàmì sí ibi tí ọwọ́ wọn ti ṣì. Tí wọ́n bá ń sọ ìtàn yìí, sítáǹbù ni wọ́n sábà máa ń gbé ga. Lójú tèmi, inú ìwé tó padà wá ni ọgbọ́n ibẹ̀ wà, torí ibẹ̀ ni Pitman ti ń rí akẹ́kọ̀ọ́ tí kò fojú rí. Nígbà tó fi máa di ọdún 1843, iṣẹ́ náà ti ju agbára ẹnì kan lọ, ni wọ́n bá dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí àwọn tó ti mọ ìkọ̀wé náà fi ń bá a tún iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣe.

Rédíò dé, tẹlifíṣọ̀n tẹ̀ lé e. Ará Ìbàdàn mọ èyí dáadáa: nígbà tí iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959, ọ̀kan lára ìdí tí wọ́n fi gbé e kalẹ̀ ni kó lè ran àwọn iléèwé tí olùkọ́ wọn kò tó lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n tẹlifíṣọ̀n lẹ́nu, kò létí. Olùkọ́ inú rẹ̀ á máa sọ̀rọ̀ lọ ni, ì báà jẹ́ pé ọmọ tó jókòó níwájú rẹ̀ ń sùn, ì báà jẹ́ pé ẹ̀pà ló ń jẹ.

Open University ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó gba ìwé àṣẹ lọ́dún 1969, ló tún wá ìwé tó ń padà bọ̀ rí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ àkọ́kọ́, tí wọ́n lé ní 20,000, bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 1971. Ètò orí BBC ni gbogbo èèyàn ń rántí, síbẹ̀ àwọn tútọ̀ ló ru ẹrù náà. Tútọ̀ á ka iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, á kọ àlàyé sí etí ìwé, àgbà kan lẹ́nu iṣẹ́ á sì tún mú díẹ̀ lára èyí tó ti máàkì, á wo bí àlàyé náà ṣe rí. Bí wọ́n ṣe ń kọ́ olùkọ́ lẹ́nu iṣẹ́ nìyẹn, láìpè é ní orúkọ kankan.

Lọ́dọ̀ tiwa, National Teachers' Institute dé sí Kàdúná lọ́dún 1976, ọdún kan náà tí ètò ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún gbogbo ọmọ bẹ̀rẹ̀ jákèjádò Nàìjíríà. Ọmọ pọ̀, olùkọ́ kò tó, kò sì ṣeé ṣe láti kó àwọn olùkọ́ tó wà ní kíláàsì kúrò lọ kẹ́kọ̀ọ́. Ìwé ẹ̀kọ́ ló ń lọ bá wọn nílé. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ìgbà náà ló tipa bẹ́ẹ̀ mọ bó ṣe ń rí kí èèyàn máa kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ ẹni tí kò rí. N kò rò pé a bi wọ́n léèrè tó nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì dé.

Gilly Salmon, onímọ̀ nípa ẹ̀kọ́, ló fi ọ̀rọ̀ bí èèyàn ṣe ń kọ́ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì sínú ìwé lọ́dún 2000. Ìpele márùn-ún ló là sílẹ̀ nínú ìwé náà, E-moderating: kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ rọ́nà wọlé, kí àwọn tó wọlé mọ ara wọn, kí wọ́n máa fún ara wọn ní ìsọfúnni, kí wọ́n jọ fọ́rọ̀ jomi tooro ọ̀rọ̀, kí kálukú tó wá máa dá rìn. Ó ní kí olùkọ́ fúnra rẹ̀ kọ́kọ́ gba ọ̀nà yẹn kọjá gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́. Àwọn télọ̀ wa ti mọ èyí tipẹ́. Ta ló di ọ̀gá láìtíì tú aṣọ tó rán tún rán? Ẹni tí kò tíì kọ ọ̀rọ̀ síwájú àwọn èèyàn kí gbogbo wọn dákẹ́ kò lè mọ bí ìdákẹ́jẹ́ yẹn ṣe ń dunni tó.

Àwọn tó wá sọ mímúra olùkọ́ sílẹ̀ di iṣẹ́ gidi ni ẹgbẹ́ Software Carpentry. Lọ́dún 1998 ni Greg Wilson àti Brent Gorda bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Los Alamos, ní Amẹ́ríkà. Olùkọ́ wọn kì í ka ohun tó ti kọ sílẹ̀. Ojú gbogbo èèyàn ló ti ń tẹ iṣẹ́ náà lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, àwọn náà ń tẹ̀ ẹ́ tẹ̀ lé e. Tó bá ṣì í, gbogbo kíláàsì á jọ wo bó ṣe máa tún un ṣe. Kálukú ní bébà alálẹ̀mọ́ aláwọ̀ méjì tó ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà rẹ̀: àwọ̀ kan ń sọ pé mo ti parí, èkejì ń ké pé ẹ gbà mí. Olùkọ́ á kàn gbójú sókè, á ti mọ ibi tó yẹ kó lọ.

Wọn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣèyí láìgbẹ̀kọ́. Ẹni tó ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ á kọ́ni fún ìṣẹ́jú díẹ̀, wọ́n á gba fídíò rẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á sì kọ èrò wọn sínú igun mẹ́rin: ohun tó dára àti ohun tó kù díẹ̀ káàtó nínú ohun tó sọ, lẹ́yìn náà nínú bó ṣe sọ ọ́. Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín ni pé láti nǹkan bí ọdún 2012 ni wọ́n ti ń ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ yìí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, nígbà tó jẹ́ pé yàrá gidi ni àwọn tó gbà á ń lọ kọ́ni.

Ní oṣù kẹta ọdún 2020, àrùn kòrónà ti yàrá pa. Lọ́jọ́ kan ṣoṣo, bébà alálẹ̀mọ́ di aláìwúlò. The Carpentries, orúkọ tí wọ́n ń jẹ́ láti 2018 tí wọ́n ti da pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ Data Carpentry, dá a lábàá pé kí wọ́n pín ẹ̀kọ́ ọlọ́jọ́ méjì wọn sí ìdajì ọjọ́ ìdajì ọjọ́, kí ẹnì kan máa kọ́ni, kí ẹlòmíì sì máa ṣọ́ ṣáàtì. Ìlọ́po méjì ni ọ̀wọ́n dátà jẹ́ kó le fún àwa níbí: kámẹ́rà gbogbo èèyàn ń wà ní pípa, orúkọ nìkan ni olùkọ́ ń rí.

Mo wà nínú ọ̀kan lára irú kíláàsì bẹ́ẹ̀ lọ́dún náà tí olùkọ́ sọ̀rọ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú márùndínlógún láìṣí máìkì rẹ̀. A kọ ọ́ sí ṣáàtì títí, kò sẹ́ni tó ń kà á. Ọ̀sẹ̀ kejì, ẹlòmíì ló wá. Kò tíì lọ jìnnà tó fi dúró, ó ní kí kálukú tẹ 1 tó bá ń yé e, kó tẹ 2 tó bá ti sọnù. Mo ronú díẹ̀, mo tẹ 2. Mo rò pé èmi nìkan ni. Mẹ́sàn-án ni wá.