Tábìlì Ọlọ́lá, Pátákó Mẹ̀kúnnù

Ní ayé Ọba Henry Kẹjọ ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọba tí aya rẹ̀ pé mẹ́fà, tí idà rẹ̀ kò sì mọ olorì yàtọ̀ sí ẹrú, eré kan wà láàfin tí wọ́n ń pè ní shovelboard, nínú èyí tí a ń fi ọwọ́ ti owó fàdákà lórí tábìlì gbọọrọ kí ó lè yọ̀ dé ìkángun kejì láìjábọ́. Ìwé ìnáwó kábíyèsí jẹ́rìí pé ní oṣù kìíní ọdún 1532, ìjòyè kan tí ìwé náà pè ní Lord William gba pọ́n-ùn 9 lọ́wọ́ rẹ̀ nídìí eré yìí. Ọba yìí kan náà ni ó ṣòfin ní 1541 pé oníṣẹ́-ọwọ́, ìránṣẹ́ àti àgbẹ̀ kò gbọdọ̀ ṣe irú eré bẹ́ẹ̀ àfi nígbà Kérésìmesì, kí wọn má baà pa ọfà títa tì!

Iṣẹ́ ọwọ́ gbẹ́nàgbẹ́nà inú ọ̀rọ̀ náà ni ó wù mí jù. Òǹkọ̀wé kan tí ń jẹ́ Robert Plot kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ ní 1686 pé tábìlì tí ó wà ní Chartley Hall, ní Staffordshire, gùn ju ẹsẹ̀ bàtà 31 lọ, síbẹ̀ nǹkan bí ègé pákó 260 ni wọ́n tò pọ̀ tí wọ́n sì fi gọ́ọ̀mù lẹ̀, tí èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn kò gùn ju íńṣì 18 lọ, ó sì tẹ́jú débi pé owó kì í kọsẹ̀ lórí rẹ̀. Igi kan kì í dá igbó ṣe: pákó fífẹ̀ kan ṣoṣo a máa ká bí ọ̀rinrin bá ti ń wọ inú rẹ̀ tí ó tún ń gbẹ, ṣùgbọ́n bí a bá lẹ pákó tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ra, tí a kọjú ọ̀kan sókè tí a kọjú èkejì sísàlẹ̀, kíká wọn a pa ara rẹ̀ rẹ́. Títí di òní, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí àpò rẹ̀ fúyẹ́ ṣe ń kan tirẹ̀ nílé: a ṣa ẹ̀là pákó jọ, a lẹ̀ wọ́n, a dè wọ́n pinpin di ọjọ́ kejì, kí ó tó fi ìfági fá ojú wọn.

Bí a kò bá sì rí àdán, a máa fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Nínú ilé ọtí tí kò láyè, wọ́n gé eré náà kúrú di shove ha'penny, lórí pátákó tàbí síléètì tí kò gùn ju nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà méjì lọ, tí a fa ìlà sí di àlàfo mẹ́sàn-án. Ẹ́pìnì (owó ẹyọ ìdajì pẹ́nì) márùn-ún ni a ń fi àtẹ́lẹwọ́ gbá, èyí tí ó bá fara kan ìlà kò sì níye. Àwọn ọ̀jáfáfá a máa ha ẹ̀yìn ẹ́pìnì tiwọn títí yóò fi dán, nígbà tí ìjọba sì kó owó náà kúrò lọ́jà ní 1969, àwọn wọ̀nyí kò dá tiwọn padà.