Irú ọ̀dà tó yẹ kí ẹ fi kun bàlúù ìṣeré tí wọ́n fi fóòmù ṣe

Bí bàlúù ìṣeré tí wọ́n ń fi rìmóòtù darí ṣe ń wu ọmọdé, bẹ́ẹ̀ náà ló ń wu àgbà. Fóòmù ni wọ́n fi ń ṣe púpọ̀ nínú wọn lóde òní, nítorí pé ó fúyẹ́, ọ̀bẹ lásán sì ń gé e. Ṣùgbọ́n ẹlòmíràn yóò fi ọ̀sẹ̀ méjì gé e, yóò lẹ̀ ẹ́ pọ̀, yóò wá fi ọ̀dà ìṣẹ́jú márùn-ún ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Apá bàlúù tó ń dán tẹ́lẹ̀ yóò hunjọ, ihò yóò sì dá sí i lára bí ẹni pé eku ló jẹ ẹ́.

Kì í ṣe àwọ̀ inú ọ̀dà ló ń ṣe ọṣẹ́ yìí, ohun tí wọ́n fi pò ó ni. Ẹ wo fóòmù funfun tí wọ́n ń tò yí tẹlifíṣàn tuntun ká nínú páálí: bí epo bẹntiróòlù bá ta sí i, wéré ló ń yọ́. Polystyrene ni wọ́n fi ṣe é, nǹkan bí ìdá 98 nínú ìdá 100 rẹ̀ ló sì jẹ́ afẹ́fẹ́. Ìwọ̀nba ara tó kù kò nípọn rárá, ìdí nìyí tí kì í fi í pẹ́ wó. Acetone, toluene àti xylene, tó máa ń wà nínú tínà àti ọ̀pọ̀ ọ̀dà ọkọ̀, ń yọ́ ọ bákan náà.

Gbogbo fóòmù kọ́ ló rí bákan náà. EPS, ìyẹn oníhóró funfun, àti XPS tí ara rẹ̀ jọ̀lọ̀, ni kẹ́míkà wọ̀nyí ń tètè bà jẹ́ jù. EPO le díẹ̀ jù wọ́n lọ, ṣùgbọ́n polystyrene wà nínú òun náà. EPP kì í yọ́ bẹ́ẹ̀; ìṣòro tirẹ̀ ni pé ọ̀dà kì í fẹ́ lẹ̀ mọ́ ọn, ó sì máa ń ṣí bí bàlúù bá forí sọlẹ̀.

Ọ̀dà olómi ni kí ẹ rà. Acrylic tí àwọn oníṣẹ́ ọnà ń lò dára, emulsion tí wọ́n fi ń kun ògiri inú ilé náà dára. Ẹ ka ara agolo rẹ̀ dáadáa. Bí wọ́n bá ní omi ni kí ẹ fi fọ búrọ́ọ̀ṣì, ọkàn yín lè balẹ̀ díẹ̀. Bí wọ́n bá ní tínà ni, ẹ dá a padà.

Ẹ ṣọ́ra fún ọ̀dà inú agolo tí wọ́n ń fín. Bí ọ̀dà ọ̀hún kò bá tilẹ̀ burú, gáàsì tó ń tì í jáde lè jẹ fóòmù. Kí ẹ kọ́kọ́ fi ọ̀dà olómi bo fóòmù kò tó ààbò, nítorí ihò kékeré kan ti tó fún kẹ́míkà láti wọlé.

Ohunkóhun tí wọ́n bá kọ sára agolo, ẹ dán an wò. Ẹ mú àjákù fóòmù kan náà, ẹ kùn ún, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Bí ojú rẹ̀ bá rọ̀, tó hunjọ, tàbí tó ń lẹ̀ mọ́ ìka, ẹ má fi kan bàlúù yín.

Ẹ má kùn ún nípọn. Bí omi bá tilẹ̀ gbẹ, ọ̀dà ṣì ní ìwọ̀n. Bí bàlúù bá wọn gíráàmù 300, tí ọ̀dà sì fi 30 kún un, ìdá kan nínú mẹ́wàá lẹ ti dì lé e lórí. Èyí tó tún léwu jù ni kí ọ̀dà pọ̀ níbi ìrù: ìrù yóò wúwo ju imú lọ, bàlúù kò sì ní í ṣeé darí. Lẹ́yìn tí ẹ bá kùn ún tán, ẹ tún ìwọ̀n imú àti ìrù yẹ̀ wò kí ẹ tó jẹ́ kó fò.

Ẹ jẹ́ kí àwọ̀ òkè yàtọ̀ sí ti ìsàlẹ̀, kí ẹ lè mọ ibi tó kọjú sí lókè. Ẹ má fi dúdú kun gbogbo rẹ̀, nítorí dúdú ń fa ooru oòrùn mọ́ra, apá rẹ̀ sì lè wọ́. Súpà gúlù lásán náà ń jẹ polystyrene. Ẹ béèrè fún èyí tí wọ́n ṣe fún fóòmù.

Àjákù fóòmù kò níye lórí, ṣùgbọ́n òun ló ń gba iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì là.